Bẹ́líìtì eléyín ti PU fún ẹ̀rọ gàrí: wáyà lásán, stainless, àbí Kevlar?

Ìyá Gàrí Òde

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra bẹ́líìtì, àwọn tó ń tà á l'Ékòó sì ti dà mí lórí rú.

Ilé iṣẹ́ gàrí kékeré la ní ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ibi méjì ni bẹ́líìtì eléyín wà. Àkọ́kọ́ ni méjì kan tí wọ́n ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn ló ń gbé àwo ẹ̀gẹ́ láti ìdí jáàkì tí a fi ń fún un lọ síbi tí a ti ń jọ̀ ọ́. Omi ẹ̀gẹ́ kíkan ń kán sí wọn lára látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Èkejì ni àwọn kéékèèké tó wà lára ẹ̀rọ tó ń di gàrí sínú ọ̀rá, àwọn ló ń fa ọ̀rá náà wá sísàlẹ̀.

Ti ìdí jáàkì yẹn ló ń yọ mí lẹ́nu. Funfun báláú ni nígbà tí wọ́n gbé e dé. Ní báyìí, ìlà ìpẹtà ti yọ létí rẹ̀ méjèèjì. Níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, wáyà tín-ín-rín ti ń yọ síta, ó ti gún ọmọ iṣẹ́ mi kan lọ́wọ́. Bí mo bá tún fi àtàǹpàkò tẹ ìdí eyín rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì ti ń sán. Ẹnìkan ní kí n ra aláwọ̀ búlúù. Ẹlòmíì ní Kevlar ni, pé kì í dípẹtà, pé ó lágbára ju irin lọ ní ìlọ́po márùn-ún. Ẹnìkẹta ní PU (ike polyurethane) ni gbogbo ẹ̀, kí n mú èyí tí owó mi bá ká.

Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn bẹ́líìtì yẹn? Báwo ló ṣe fẹ̀ tó, eyín mélòó ni púlì yín ní? Kí sì ni ẹ fi ń fọ̀ ọ́?

Ìyá Gàrí Òde

T10 ni wọ́n kọ sí i. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 50 mm, púlì ní eyín 20. Ní alaalẹ́, omi gbígbóná àti bílíìṣì ni àwọn ọmọ fi ń fọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀gẹ́ kì í pẹ́ rùn.

Fítà Ṣàgámù

Ìyá, ẹ kú làálàá. Ìbéèrè méjì lẹ so pọ̀ di ọ̀kan, àwọn ọlọ́jà náà sì ń dáhùn bí ẹni pé ọ̀kan ni.

Nínú bẹ́líìtì yẹn, okùn inú ló ń fa ẹrù. PU tó bò ó ló di eyín tó ń wọ púlì, òun náà ló ń gba omi, epo àti ìfarakanra. Bí okùn bá kú, bẹ́líìtì á fà gùn tàbí kó já. Bí PU bá kú, eyín á máa ya lọ́kọ̀ọ̀kan. Tiyín, méjèèjì ló ń kú lọ, omi náà ló sì ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà pa ọ̀kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí ẹ bá ra okùn tó dáa sínú PU tí kò bá omi mu, eyín á ya kí okùn tó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ọwọ́ PU mú un. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà: polyester ni ìpìlẹ̀ ọ̀kan, polyether ni ti èkejì. Ẹ ò lè fi ojú dá wọn mọ̀. Ti polyester dáa gan-an níbi tí ọ́ìlì àti gíríìsì bá wà, ó sì gba ìfarakanra dáadáa. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Omi máa ń wọ inú rẹ̀ lọ já ìsopọ̀ tó di ike yẹn mú. Bí omi náà bá gbóná, iṣẹ́ ìbàjẹ́ yẹn á yá sí i. Bí ó bá kan, á tún yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi kíkan lẹ ní, omi gbígbóná lẹ fi ń fọ̀ ọ́. Ìdí eyín tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tó sì ń sán, àmì rẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé polyester ni wọ́n tà fún yín.

Polyether lẹ fẹ́. Ó máa ń fara da omi ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, èbu kì í sì í tètè bá a jà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Kì í ṣe "PU" lásán o. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, "polyether", tàbí kí ìwé ọjà náà sọ pé ó wà fún ibi tí omi wà.

Ti àwọ̀ búlúù: òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí omi. Oúnjẹ tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù ṣọ̀wọ́n, nítorí náà bí èérún bẹ́líìtì bá já sínú ẹ̀gẹ́, ẹ ó rí i. Funfun nínú ẹ̀gẹ́ funfun, ta ni yóò rí i? Ṣùgbọ́n búlúù polyester wà, funfun polyether náà wà. Ẹ má fi àwọ̀ ra PU.

Ó ku okùn. Wáyà lásán tí wọ́n fi síǹkì bò ló wà nínú tiyín. Síǹkì àti omi kíkan kì í gbé pọ̀, ó ń jẹ ẹ́ ni. Bí ẹ ṣe ń wo bẹ́líìtì yẹn, láti ara ọ̀kan tó fẹ̀ ni wọ́n ti là á, ọ̀bẹ sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ wáyà kọjá. Níbi tí wọ́n ti so ó pọ̀, orí wáyà ṣí sílẹ̀ síta. Omi ń gba ibẹ̀ wọlé, ó sì ń tọ wáyà lọ sínú. Ohun tí ẹ rí létí rẹ̀ kéré sí èyí tó wà nínú.

Okùn stainless ni kí ẹ béèrè. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ẹrù tó ń gbà kò tó ti wáyà lásán tó bá a dọ́gba ní títóbi, ó sì le díẹ̀ sí i, kì í fẹ́ púlì tó kéré jù. Tiyín kò lè fa wàhálà: púlì T10 (10 mm láti eyín kan sí èkejì) eléyín 20 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 64 mm ní ìdábùú. Ẹ̀gẹ́ inú àwo náà kò wúwo tó ohun tí à ń sá fún.

Akọ́ṣẹ́ Ẹ̀rọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ti stainless yẹn o. Kí ló dé tí kì í ṣe Kevlar? Stainless pàápàá ń dípẹtà bí bílíìṣì bá ń bà á lójoojúmọ́, ó máa ń ní ojú ihò wẹ́wẹ́. Kevlar kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìpẹtà. Ó fúyẹ́, kò sì ní gún ọmọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Fítà Ṣàgámù

Àbúrò, ti bílíìṣì yẹn, o gbà á. Màá padà sórí rẹ̀.

Ti ìlọ́po márùn-ún tí wọ́n ń pariwo, ẹ jẹ́ ká tú u wò. Stephanie Kwolek ló ṣe àwárí ohun tó di Kevlar ní DuPont, ní 1965. Okùn tó fúyẹ́ tí wọ́n lè fi rọ́pò wáyà inú táyà ni wọ́n ń wá. Ìlọ́po márùn-ún yẹn, ìwọ̀n ni wọ́n fi ṣe: kílò kan Kevlar sí kílò kan irin. Irin sì wúwo ju Kevlar lọ ní ìlọ́po tó ju márùn-ún lọ. Nínú bẹ́líìtì, àyè la fi ń díwọ̀n, kì í ṣe kílò. Ihò tí okùn irin kan gbà, òun náà ni okùn Kevlar máa gbà. Bí nínípọn bá dọ́gba, agbára wọn kò jìnnà síra, Kevlar ló sì máa ń fà gùn jù lábẹ́ ẹrù kan náà.

Ohun tí ọlọ́jà kì í sọ ni pé Kevlar, àti gbogbo ẹbí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní aramid, máa ń mu omi. Ojú ọjọ́ tútù, ó ṣe báyìí. Ọ̀gbẹlẹ̀, ó ṣe báyìí. Gígùn bẹ́líìtì á máa yí díẹ̀díẹ̀. Bẹ́líìtì méjì ni Ìyá ní, àwo kan ni wọ́n jọ gbé. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì lọ, ó di ọ̀rọ̀ eyín: àwo á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa ha irin, á sì dẹ́kun ní ìdajì ọ̀nà. Ní oṣù Agẹmọ tí òjò kì í dá ní Ìjẹ̀bú, wàá máa fà á le. Tí ọyẹ́ bá dé, wàá tún máa tú u.

Akọ́ṣẹ́ Ẹ̀rọ

Ó yé mi, sà. Àmọ́ bó bá jẹ́ bẹ́líìtì kan ṣoṣo, tí ibi tí wọ́n ti ń fà á le sì wà, ṣé kò ní dáa?

Fítà Ṣàgámù

Á dáa. Ibi tó tiẹ̀ di dandan wà: níbi tí ẹ̀rọ tó ń wá irin nínú oúnjẹ bá jókòó lórí bẹ́líìtì. Wáyà tàbí stainless, ẹ̀rọ yẹn á máa ké látàárọ̀. Aramid tàbí polyester ni okùn ibẹ̀. Okùn polyester náà (kì í ṣe PU polyester o) wà fún ẹrù fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè.

Ọmọ Ìpẹru

Mo jẹ́rìí sí ti ẹ̀rọ tó ń ké yẹn. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣe ni wọ́n kúkú pa á kó má baà máa dá iṣẹ́ dúró, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́líìtì ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀. Ẹ má dárúkọ ibẹ̀ o.

Ẹni tó bá sì fẹ́ gé Kevlar, kó wá sísọ́ọ̀sì tó mú ṣáṣá. Bí kò bá mú, okùn á tú yán-yàn-yán bí irun àgbàdo, PU kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn mọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ so ó.

Ṣọ́mìlì Igbó

Ẹ jọ̀wọ́, àwa ará Ìjẹ̀bú-Igbó ńkọ́? Mo fẹ́ fi PU yìí rọ́pò rọ́bà eléyín tó wà láàárín mọ́tò àti irin abẹ̀ẹ́ ní ṣọ́mìlì wa. Eré tó ń sá pọ̀.

Fítà Ṣàgámù

Ẹ fi rọ́bà yín sílẹ̀, bọ̀dá. Níbi tí eré bá pọ̀, tí mọ́tò ń wa nǹkan tààrà, rọ́bà eléyín róbótó (èyí tí wọ́n ń kọ 8M tàbí 14M sí lára), tí okùn gíláàsì wà nínú rẹ̀, ló máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn jù, ariwo rẹ̀ kò sì tó ti PU. PU dáa níbi tí nǹkan ti ń gbé ẹrù lọ, tó ń dúró, tó tún ń gbéra. Kìkì pé kí ẹ má ká rọ́bà olókùn gíláàsì, kí ẹ má sì fi kọ́ ìṣó. Okùn gíláàsì ń ṣẹ́ láì sọ fún yín. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé e sórí púlì ló máa ń já.

Ọmọ Símẹ́ńtì

Ṣàgámù náà ni mo wà. Ibi tí ooru bá ti lé ní 80°C, ẹ gbàgbé PU pátápátá. Òun náà ni mo fẹ́ sọ.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, gbogbo yín ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sídìí jáàkì, ẹ ò rántí àwọn kéékèèké tó ń fa ọ̀rá. Ìpékeré ni mo ń dì ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ̀rọ wa jọ ti Ìyá.

Àwọn bẹ́líìtì tó ń fa ọ̀rá yẹn, PU ni eyín wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ni ẹ máa wò. Rọ́bà pupa rírọ̀ ni wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, òun ló ń di ọ̀rá mú. Rọ́bà inú igi ni, ìyẹn rọ́bà tòótọ́. Ó dáa fún gàrí Ìjẹ̀bú, nítorí a kì í fi epo sí gàrí wa, ó funfun. Ṣùgbọ́n ìpékeré tí òróró ń kán lára rẹ̀? Òróró máa ń wú rọ́bà inú igi bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ti pupa kúrò, tí mo fi PU rírọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá lọ, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ẹ̀yìn tó ń gba òróró.

Ti gàrí, ẹtù ni ìṣòro. Ẹtù gàrí máa ń dúró sẹ́yìn bẹ́líìtì, ọ̀rá á wá máa yọ̀, àpò kan á gùn, òmíràn á kúrú. Àwọn ọmọ á máa fà á le, wọn á máa fà á le, títí bíárìn á fi kú. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún ní àárọ̀. Kò sí òògùn míì.

Ohun kan tún wà. Kékeré yẹn kì í ní ojú ìsopọ̀. Wọ́n máa ń wé okùn yí i ká láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kí wọ́n tó fi PU bò ó. Bí ọlọ́jà bá fẹ́ gé gígùn kan so fún yín kí ó fi rọ́pò rẹ̀, ẹ má gbà. Oríkèé tó ń kọjá lórí púlì kékeré yẹn ní gbogbo ìgbà kò ní pẹ́ ṣí.

Ìyá Gàrí Òde

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Àpò tó ń gùn tó ń kúrú yẹn, èmi rò pé kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ ló ń ṣe wèrè.

Ògèrè Tòkunbọ̀

Kí lẹ ń náwó bẹ́ẹ̀ fún? Tòkunbọ̀ PU wà lọ́wọ́ mi, T10, ó ṣì nípọn dáadáa. Ìdajì owó tuntun.

Fítà Ṣàgámù

Ọ̀gbẹ́ni, a kì í bá yín jà, ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè. Polyester ni àbí polyether? Okùn inú rẹ̀, irú wo ni?

Fún ẹ̀yin tó máa rà á bó ti wù kó rí: ẹ ká a sẹ́yìn díẹ̀, kí ìdí eyín là sí yín, kí ẹ sì gbé e sójú oòrùn. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́wẹ́ níbẹ̀, ó ti lọ. Ẹ fi èékánná họ ọ́. Bí ó bá ń lẹ̀, tàbí tó ń ṣubú bí iyẹ̀fun, ó ti lọ. Ẹ wo orí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti gé e: ojú wáyà gbọ́dọ̀ máa dán. Bó bá pọ́n, inú ti jẹ. Nínípọn kò sọ nǹkan kan.

Ògèrè Tòkunbọ̀

Mo máa wò ó.

Akọ́ṣẹ́ Ẹ̀rọ

Kí Ìyá tó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn eyín. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn bẹ́líìtì lè má bá púlì mu, pàápàá bí ẹnìkan bá ti pààrọ̀ rẹ̀ rí. T10 jẹ́ 10 mm láti eyín kan sí èkejì. Èyí tí wọ́n ń pè ní L, ti ínǹṣì, jẹ́ 9.525 mm. Lójú, ìkan náà ni wọ́n. Ẹ fi rúlà sí i, kí ẹ ka eyín 10: T10 á bọ́ sí 100 mm géérégé, L á bọ́ sí 95.25. H, ti ínǹṣì náà, á bọ́ sí 127. Bí ẹ bá fi L sórí púlì T10, yóò wọ eyín díẹ̀, yóò sì máa gun orí èyí tó kù.

AT10 náà ń bẹ. 10 mm ni òun náà, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ fẹ̀ ju ti T10 lọ, kò ní wọ púlì T10. Ó ń gba ẹrù jù, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ púlì pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyá Gàrí Òde

Ọmọ mi ti wọ̀n ọ́n báyìí: eyín 10, 100 mm. Eyín inú púlì náà bá a mu. Gbogbo gígùn ọ̀kan jẹ́ mítà 6 àti 40 sẹ̀ǹtí.

Ẹ wá bá mi sọ ti ìsopọ̀. Èyí tó gún ọmọ mi yẹn, ibi tí wọ́n so pọ̀ náà ló ti ṣẹlẹ̀.

Fítà Ṣàgámù

Mítà 6.40 jẹ́ eyín 640. Ẹ kọ iye eyín, ẹ má kọ mítà nìkan, nítorí ẹni tó ń gé e lè gé e ní àárín eyín.

Ti ìsopọ̀: wọ́n máa ń gé orí méjèèjì bí ìka ọwọ́, wọ́n á kó ìka sínú ìka, wọ́n á fi iná àti mọ́ọ̀dù yọ́ PU pọ̀. PU ló so pọ̀ o, okùn kò so. Okùn já níbẹ̀, orí rẹ̀ kàn jókòó ti ara wọn ni. Ìdí nìyẹn tí bẹ́líìtì tí wọ́n so fi ń gba nǹkan bí ìdajì ẹrù èyí tí kò ní ojú ìsopọ̀. Bí ọlọ́jà bá fi ìwé ẹrù hàn yín, ẹ bi í pé ti sísopọ̀ ni àbí ti odindi. Ọ̀pọ̀ ló ń fi èyí tó tóbi hàn.

Bí wọ́n bá so ó dé, ẹ gbé rúlà lé ojú ìsopọ̀ gan-an, kí ẹ ka eyín 10 tó gba orí rẹ̀ kọjá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 mm. Bí ó bá jẹ́ 101, ẹ dá a padà: ní gbogbo ìyípo kan ni á máa ta púlì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, kó tọ́ bí okùn ìwọ̀n bíríkìlà. Kí wọ́n sì fi PU dí orí wáyà tó bá ń yọjú sí etí. Ibẹ̀ ni ìpẹtà yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gé méjèèjì lára róòlù kan náà. Má jẹ́ kí wọ́n mú ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Inú bẹ́líìtì tó dáa, okùn kan lọ́ sápá ọ̀tún, èyí tó tẹ̀ lé e lọ́ sápá òsì, kí bẹ́líìtì má baà máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Róòlù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í fà bákan náà.

Ó wá ku bílíìṣì tí àbúrò sọ. Bílíìṣì tó le ń jẹ PU, ó sì ń lu stainless ní ihò, òtítọ́ ni. Kì í ṣe pé kí ẹ má fi fọ nǹkan. Ẹ fi omi là á bí ẹni tó kọ ọ́ sára ike rẹ̀ ti wí, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lára rẹ̀, kí ẹ sì fi omi tútù ṣàn án dànù dáadáa. Omi gbígbóná tó ń hó, ẹ fi sílẹ̀. Polyether náà ní ibi tí sùúrù rẹ̀ mọ. Tínnà àti acetone kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá, bí àwọn ọmọ bá tilẹ̀ fẹ́ fi yọ gíríìsì. Ọṣẹ tó.

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ̀gbọ́n, ti aṣọ ńkọ́? Mo rí àwọn kan tí wọ́n lẹ aṣọ náílọ́ọ̀nù mọ́ ojú eyín wọn.

Fítà Ṣàgámù

Aṣọ yẹn dáa níbi tí bẹ́líìtì bá ń yọ̀ lórí irin tàbí pákó gbígbẹ, kì í jẹ́ kó gbóná, kì í jẹ́ kó pariwo. Níbi tí omi ẹ̀gẹ́ wà, rárá. Aṣọ á mu ún, á kan, á sì máa rùn, kò sí bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ tó máa mọ́. Lábẹ́ bẹ́líìtì Ìyá, kí wọ́n fi ike funfun tó ń yọ̀ tẹ́ ẹ, kí eyín PU máa lọ lórí rẹ̀ lásán.

Akọ́ṣẹ́ Ẹ̀rọ

Ti fífà le: fóònù yín lè bá yín wọ̀n ọ́n. Ẹ wa ẹ̀rọ tó ń ka ìró sórí rẹ̀, irú èyí tí àwọn onígìtá fi ń yí okùn, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tó ń sọ nọ́ńbà Hz (iye ìgbà tí bẹ́líìtì ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ pa iná rẹ̀, kí ẹ fi ìka ta bẹ́líìtì láàárín púlì méjì, fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìfà ní Newton = 4 × ìwọ̀n mítà kan (kg) × gígùn àyè náà lẹ́ẹ̀mejì (mítà) × Hz lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejì túmọ̀ sí pé kí ẹ fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀.

Ká ní mítà kan wọn 0.2 kg, àyè náà jẹ́ 0.5 mítà, fóònù sì ka 40 Hz: 4 × 0.2 × 0.25 × 1600, ó jẹ́ 320 N. Bí ẹni gbé ẹrù kílò 33 kọ́ ọ nìyẹn. Iye tí ó yẹ kó jẹ́ wà nínú ìwé bẹ́líìtì. Fún Ìyá, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí méjèèjì dún bákan náà.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́

Àwọn ọmọ ayé òde òní. Ọwọ́ la fi ń tẹ̀ ẹ́ tiwa.

Akọ́ṣẹ́ Ẹ̀rọ

Ọwọ́ yín dáa, sà, ṣùgbọ́n ti ọmọ iṣẹ́ alẹ́ yàtọ̀ sí ti ọmọ iṣẹ́ àárọ̀.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́

Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́.

Ìyá Gàrí Òde

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ò ní ṣàárẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọlọ́jà nìyí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

"Bẹ́líìtì eléyín méjì, láti ara róòlù kan náà. PU polyether tí wọ́n fọwọ́ sí fún oúnjẹ, líle Shore A 92, àwọ̀ búlúù. T10, ìbú 50 mm, eyín 640. Okùn stainless. Kò sí aṣọ lójú eyín. Kí wọ́n so ó pọ̀, kí wọ́n dí orí wáyà. Púlì eyín 20."

Fítà Ṣàgámù

Ó pé. Ẹ kàn fi èyí kún un: ṣé púlì kankan ń tẹ ẹ̀yìn bẹ́líìtì yẹn? Bó bá wà, ẹ kọ bó ṣe fẹ̀ tó, nítorí okùn stainless kì í fẹ́ kí wọ́n máa ká òun sẹ́yìn lórí nǹkan kékeré.

Ìyá Gàrí Òde

Ọ̀kan wà lábẹ́, èyí tó ń fà á le. Ọmọ mi ní ó jẹ́ 60 mm.

Fítà Ṣàgámù

Ẹ kọ ọ́ sí i, kí wọ́n fi ìwé sọ bóyá ó tó. Bí wọ́n bá ní kò tó, púlì yẹn ni kí ẹ pààrọ̀, tọ́nà kan á bá yín ṣe é ní Òde níbẹ̀. Ẹ má torí rẹ̀ padà sí wáyà lásán.

Ọmọ Ìpẹru

Mà, bí wọ́n bá máa gé e lára róòlù, èmi náà ń wá mítà 4 irú rẹ̀ gan-an. Ṣé a lè jọ rà á, ká jọ san owó mọ́tò tó máa gbé e wá?

Ìyá Gàrí Òde

Kò burú. Ẹ fi iye eyín tiyín ránṣẹ́ sí mi lọ́tọ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé.